Ohùn Ìbọn Akínbíyìí

Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn Akínbíyìí sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà ilé rẹ̀ ní Agbowó, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ pé ìbọn ni. Páànù tí ó lu ti jẹ́ kí òjò máa kán sí i lórí láti ọdún dé ọdún. Irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pupa bí erùpẹ̀ Ìgbòho. Ikán ti jẹ ìdí igi rẹ̀ dé ìdajì. Òkúta tí ó yẹ kí ó máa ṣáná sì ti lẹ̀ mọ́ ẹnu irin tí ó gbé e dání bí ìgbín tí ó kú sínú ìkarahun. Ṣakabùlà ni, ìbọn tí a ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí. Òun ni Akínbíyìí fi ṣọdẹ ní Òkè Ògùn nígbà èwe rẹ̀, òun náà ni ó sì fi ṣọ́ ilé àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Bódìjà títí irun rẹ̀ fi funfun.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Àwọn ọmọ Akínbíyìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ òkú tí wọn kò gbọdọ̀ sunkún lé lórí.

"Àwọn wẹ́dà ni màá gbé e fún," ni Babájídé wí. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin, ó ní ṣọ́ọ̀bù táyà ní Ring Road, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ láyé tí iná wẹ́dà kò lè tún ṣe. "Wọn á gé ibi tó ti jẹ kúrò, wọn á jó páìpù tuntun mọ́ ọn. Kó ṣáà ti dún."

"Bí o bá jó páìpù omi mọ́ ìbọn, tí o sì yìn ín," ni Àtọ́kẹ́ dá a lóhùn, "á dún lóòótọ́. Orí rẹ ni a ò ní rí kó jọ."

Àtọ́kẹ́ ni àgbà fún wọn. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan ni ó sì bí fún ọdẹ náà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kẹ́míkà ní yunifásítì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ti kọ ọkọ sílẹ̀, ó sì ń dá gbé ní Bódìjà. Nígbà tí ó wà ní kékeré, òun ni ó máa ń jókòó ti bàbá rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ń fọ ìbọn. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tí ó jókòó rí.

Àmúdàtù, opó Akínbíyìí, ìyá tí ó bí Babájídé àti Olúwadáre àbúrò rẹ̀, gbójú sókè láti orí àpótí rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́, obìnrin wo ni ó ń fọwọ́ pa ìbọn ọdẹ lára? Ìbọn tí obìnrin bá fọwọ́ kàn, yóò yadi ni."

"Ìyá, ẹ̀yin náà ni ẹ máa ń gbé e lé wọn lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ Bódìjà. Ṣé ọwọ́ ọkùnrin ni ẹ yá nígbà náà?"

Olúwadáre rẹ́rìn-ín. Babájídé kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó bá pa Olúwadáre lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí àbúrò yìí ti mọ ògiri dí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn, tí ó ní kí ẹni tí ó wà níwájú máa gba iwájú, kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn máa gba ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọ̀ràn bá di kókó, ìyá wọn ni wọ́n ń rán sí ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan lè máa gbọ́ bí èkejì ti ń húkọ́.

"Ó dáa," ni Babájídé wí, ó sì na ìka sí Àtọ́kẹ́. "Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o. Bí ìbọn yìí kò bá fọhùn lọ́jọ́ ìṣípà Bàbá, ìwọ lo pa á. O ò ní tẹ ilé yìí mọ́ láéláé, a ò sì ní kà ọ́ mọ́ ọmọ Akínbíyìí."

Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó ti ń pè é ní "ẹ̀yin". Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ pè é ní "ìwọ". Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ nínú ilé náà, kò sì sí ẹni tí ó bá a wí.

"Bí ó bá wá fọhùn ńkọ́?" ni Àtọ́kẹ́ bi í.

"Bí ó bá fọhùn, ohun tó yẹ kí ìbọn ṣe ló ṣe."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni ó wí. Ó fi aṣọ òfì àtijọ́ kan wé ìbọn náà, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí ohùn ìbọn kan ṣoṣo fi lè di ohun tí ọmọ bàbá kan náà ń torí rẹ̀ fi ojú pa ara wọn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ Ìgbòho tí ó wà ní Ìbàdàn, bí ọdẹ bá kú, tí ọdún rẹ̀ sì yí po, wọn a kó irinṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ jáde lọ sínú ìgbẹ́, wọn a ṣípà fún un, kí ó má baà máa dọdẹ kiri láàárín àwọn alààyè. Ṣùgbọ́n kí irinṣẹ́ náà tó kúrò nílé, ìbọn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọhùn lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni yóò ki ẹ̀tù sí i, ẹni tí ẹ̀tù rẹ̀ bá sì fọhùn ni ẹgbẹ́ yóò mọ̀ ní àrólé, tí yóò máa jókòó sí ipò bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà kì í yan ẹni náà. Wọ́n gbà pé ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá lè fẹnu kò lórí ẹ̀tù, àlejò kò lè bá wọn tún un ṣe. Bí ìbọn bá sì yadi lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé olóògbé lọ láìgba ìdágbére, ojú ẹni tí ó sọ ọ́ di yadi ni gbogbo ènìyàn yóò sì máa wò.

Nínú ilé Akínbíyìí, kò sí ẹni tí ó bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí yóò ki ìbọn. Babájídé mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni, nítorí òun ni àgbà ọkùnrin. Olúwadáre mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni, nítorí òun ni ó wẹ bàbá wọn, tí ó bọ́ ọ, tí ó sì pa ojú rẹ̀ dé nígbà tí ó kú. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, wọn ìbá ti jà á tán láti ìgbà náà.

Ní gáréèjì rẹ̀ ní Bódìjà, ohun tí Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ ṣe ni èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe kí ó tó fọwọ́ kan ìbọnkíbọn. Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu ìbọn títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó fi èékánná di ibi tí ẹnu ìbọn mọ mú, ó fa ọ̀pá náà yọ, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà lóde. Bí ọ̀pá bá gùn dé ìdí, ìbọn ṣófo. Bí ó bá kúrú, nǹkan wà níbẹ̀. "Ìbọn tí o kò bá fi ọ̀pá wò," ni Akínbíyìí máa ń wí, "kà á sí ìbọn tó kún." Ọ̀pá náà dé ìdí.

Lẹ́yìn èyí ni ó rẹ irin náà sínú kẹrosíìnì, tí ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa mu ún bí ẹni tí ọ̀dá òùngbẹ dá. Ibi tí kẹrosíìnì kò ràn, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó sì ń da omi gbígbóná sí i lẹ́nu títí ohun tí ń jáde láti inú rẹ̀ fi kúrò ní pupa, tí ó di dúdú, tí ó sì wá mọ́ gaara. Irin tí ó ń ti òkúta sọ síwájú nígbà tí a bá fa ìbọn ti dá sí méjì. Ó fi abẹ ayùn àtijọ́ rọ òmíràn; ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́. Ó tún rọ òmíràn, ìyẹn náà fọ́. Ó fi iná sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń bínú sí gbogbo ohun tí ó bá rí, kí ó tó padà sídìí rẹ̀ tí ó sì rí i ṣe.

Ní ti igi rẹ̀, káfíńtà tí ó fi hàn ní kí ó jù ú nù, kí òun gbẹ́ tuntun fún un. Àtọ́kẹ́ kọ̀. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ti ń sinmi lé igi náà láti ọjọ́ pípẹ́ ti jinlẹ̀, ó sì ń dán. Ikán kò fọwọ́ kàn án rárá. Ibi tí ikán jẹ nìkan ni ó gé, tí ó fi ìrókò dí, tí ó sì ń fi òrí pa gbogbo rẹ̀ títí igi tuntun àti igi àtijọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fara jọ ara wọn.

Ohun kan ni kò ní àtúnṣe. Nítòsí ìdí irin náà, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, omi ti jẹ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́. Bí ó bá fi ìka gbá a níbòmíràn, ó ń dún bí agogo. Bí ó bá gbá a níbẹ̀, ó ń dún bí agolo.

Babájídé wá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní ìyá òun ni ó rán òun wá béèrè bí iṣẹ́ ti ń lọ sí. Ó dúró lẹ́nu gáréèjì, kò jókòó.

"O wá ń fi òrí pa igi bí ẹni ń pa ìkókó lára. Ṣé ó ti ń dá ọ lóhùn?"

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní láti ìgbà tí o ti ń sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí òun bá ti dún, òun ò rí ọ mọ́."

Ojú Babájídé le. Òtítọ́ ni, kò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀.

"Èmi ni mo máa yìn ín níwájú gbogbo wọn," ni ó wí.

"Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o wá síbí. Gbá a, kí o gbọ́ ọ. Ibí yìí ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀tù tó kún ìwo ìwọ̀n kan péré ni ó lè gbà. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ́ sí ẹni tó bá gbé e dání lójú."

"Má kọ́ mi ní ìbọn bàbá mi."

"Bàbá wa."

"Bàbá mi. Ìwọ, lọ máa tún ìbọn bàbá ọkọ rẹ ṣe. Àbí wọn ò fún ọ níkan nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ síta?"

Kò fọwọ́ kan irin náà. Ó yíra padà, ó sì lọ. Àtọ́kẹ́ jókòó pẹ̀lú òrí lọ́wọ́ títí ó fi yọ́ tán láàárín ìka rẹ̀, kò sì mọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó gbé ìbọn náà lọ sí pápá kan lẹ́yìn Ajíbọ́dẹ̀, níbi tí kò sí ilé. Ó dè é mọ́ ògbólógbòó táyà méjì, ó ki ẹ̀tù ìwo kan sí i, ó sì fi okùn gígùn fà á láti ẹ̀yìn òkìtì kan. Ìbọn náà fọhùn. Ó fọhùn bí ó ti ń fọhùn nígbà tí Àtọ́kẹ́ jẹ́ ọmọdé, ohùn tí ó kọ́kọ́ ń wú kí ó tó bú, tí kò jọ ti ìbọn ẹlòmíràn. Ó dúró sẹ́yìn òkìtì náà títí èéfín fi ká kúrò nílẹ̀. Ó ti borí wọn. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìṣípà, ó gbé e padà sí Agbowó. Olúwadáre ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá wọn wà.

"Ó ṣófo," ni Àtọ́kẹ́ sọ fún un. "Kí ẹnikẹ́ni má kì í nínú ilé. Ojú agbo ni kí a ti kì í, ìwo kan péré."

"Mo gbọ́, àǹtí," ni Olúwadáre wí, bí ọmọ jẹ́jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àlejò tó dé, ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà, ó ti í padà mọ́ ara rẹ̀, ó da ẹ̀tù ìwo kan sẹ́nu ìbọn, ó fi ihá ẹyìn dí i, ó sì kì í wọlé jẹ́jẹ́ kí ìró ọ̀pá má baà jáde. Ó rò pé nígbà tí Babájídé bá fẹ́ kì í lójú agbo, òun yóò dìde, òun yóò sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹ̀tù òun ti wà níbẹ̀, pé àgbà ti pẹ́ dé. Ó ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra lẹ́nu.

Ilẹ̀ gbalasa tí ó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n lò. Wọ́n ta okùn kan sí àárín: àwọn ọdẹ lápá kan, àwọn obìnrin àti àlejò lápá kejì, nítorí pé lọ́jọ́ ìṣípà, obìnrin kì í rékọjá okùn náà. Àwọn ọmọ yunifásítì tí ń gbé ilé alájà ẹ̀gbẹ́ jáde sí bálíkónì, wọ́n na fóònù wọn síta. Bàbá Mọ́ṣúdù, olórí ẹgbẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, jókòó sórí àga oníke, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Wọ́n ti pe oríkì Akínbíyìí tán. Wọ́n ti tẹ́ àpò rẹ̀, àdá rẹ̀ àti fìlà ọdẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbé ìbọn wá," ni Bàbá Mọ́ṣúdù wí. "Kí ọmọ rẹ̀ kì í."

Babájídé jáde kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó gba ìbọn náà, ó gbé e ró, ó da ìwo ẹ̀tù kan sí i, ó fún bébà ìròyìn pọ̀, ó sì gbé ọ̀pá lé e. Olúwadáre sún síwájú díẹ̀. Gbogbo ojú yí sí i. Ó rí àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó rí ìyá rẹ̀, ó rí àwọn fóònù lókè, ọ̀rọ̀ tí ó ti fi kọ́ra sì di ọ̀rọ̀ olè lẹ́nu rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn. Babájídé ń kì í, ó ń fi agbára kì í, bí ẹni pé orí ẹnìkan ni ó ń gún.

Àtọ́kẹ́ ń wo ọ̀pá náà. Òun ni ó gé e. Ó yẹ kí ó wọlé títí yóò fi ku bí ìka mẹ́rin lẹ́nu ìbọn. Ó dúró nígbà tí ó ṣì ku bí ìka mẹ́jọ, ìró rẹ̀ sì le, kì í ṣe ìró bébà tí ó há lọ́nà. Ó wo Olúwadáre. Olúwadáre ń wo ilẹ̀.

"Babájídé! Gbé e kalẹ̀! Nǹkan ti wà nínú rẹ̀ kí o tó kì í!"

Àmúdàtù pàtẹ́wọ́. "Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ ò rí i bí? Ó ti mọ̀ pé kò ní dún, ó wá ń wá ẹni tó máa dì í rù."

"Ẹ ní kí àwọn obìnrin dákẹ́," ni Babájídé wí, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Olúwadáre, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Sọ̀rọ̀!"

"Kí ni kí n sọ, àǹtí?"

"Sọ ohun tí o kì síbẹ̀."

"Mi ò mọ ohun tí ẹ ń wí."

Kì í ṣe apànìyàn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ariwo lásán ni ẹ̀tù méjì yóò fi ju ẹ̀tù kan lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ti òun ni ó wà nísàlẹ̀, pé ti òun ni iná yóò kọ́kọ́ kàn. Ìtìjú ti dì í lẹ́nu, ohun tí ìtìjú bá sì dì, ìfẹ́ ọmọ ìyá kì í lè tú u.

"Àtọ́kẹ́," ni Bàbá Mọ́ṣúdù pè, "ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá. Ẹ ní kí ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n."

"Babájídé, wọ̀n ọ́n."

"Bàbá, mo ti kì í tán. Bí mo bá tú ẹ̀tù mi nítorí ariwo obìnrin, ta ni yóò pè mí ní àrólé lọ́la?" Ó da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tí ó wà lábẹ́ òkúta, ó fa òkúta náà sẹ́yìn, ó sì gbé ìbọn lé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ti jinlẹ̀ sí. Láti orí bálíkónì, ẹnìkan kígbe pé, "Ó yá, ẹ yìn ín!"

Kí a má purọ́: Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ dúró. Ó ti kígbe, gbogbo ènìyàn ti gbọ́, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ibi tí ó fẹ́lẹ́ náà wà ní ọwọ́ òsì, ibi tí Babájídé gbé ọwọ́ sí gan-an. Ìbọn náà yóò fọhùn. Àdéhùn kò sọ pé kí ó má fọ́.

Abọ́ omi inú ọ̀rá tí wọ́n gbé fún àlejò wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fi eyín já igun rẹ̀, ó gba abẹ́ okùn kọjá. Àwọn ọdẹ hó lé e. Ó fún omi náà lé àwo ẹ̀tù lórí, ó sì fún un títí ọ̀rá fi rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìṣẹ́jú kan náà tí ìka Babájídé fà á. Òkúta lu irin. Iná ṣẹ́, ó bọ́ sínú omi, ó sì kú.

Àwọn tí ó wà ní bálíkónì bú sẹ́rìn-ín.

Babájídé wo ìbọn tí omi ń kán láti ara rẹ̀. Ó wo arábìnrin rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a.

"Dán an wò," ni Bàbá Mọ́ṣúdù wí, "kí o rí i bóyá o tún máa ṣọdẹ nílẹ̀ yìí." Ó na ọ̀pá sí ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ. "Ẹ tú u."

Ọdẹ náà fi ọ̀pá tí irin wíwọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ bọ ìbọn, ó yí i, ó sì fà á. Bébà ìròyìn ni ó kọ́kọ́ jáde. Ó da ìbọn délẹ̀, ẹ̀tù gbígbẹ sì dà sílẹ̀. Ó tún fi ọ̀pá bọ̀ ọ́. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ihá ẹyìn tí wọ́n fún pọ̀ dáadáa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀tù mìíràn tí omi ti sọ di ẹrẹ̀. Ó kó méjèèjì síwájú Bàbá Mọ́ṣúdù lórí ilẹ̀.

"Ta ló ni ihá?" ni olórí ẹgbẹ́ béèrè.

Ìgbà náà ni Olúwadáre wá rí ohùn. "Èmi ni. Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá! Tèmi ló wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ kì í. Èmi ni àrólé."

"Olè ni àrólé?" Èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Babájídé bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ìgbà tí ògiri ti dé. "O rí mi tí mò ń kì í! O dúró, ò ń wò mí!"

"Ta ló ní kí o má béèrè?"

"Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ògiri?"

Wọ́n wọ ara wọn. Àwọn ọdẹ ni wọ́n là wọ́n. Àmúdàtù ti wó sílẹ̀ níbi tí ó wà, ó ń wo ihá àti bébà náà; ó jọ pé ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ohun tí ó ń pàtẹ́wọ́ sí. Ó dìde, ó lọ bá Olúwadáre, ó gbá a létí, ó sì tún gbá a. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Àtọ́kẹ́.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìbọn ọkọ mi kò fọhùn."

"Ìyá, mi ò retí ọpẹ́ lọ́dọ̀ yín rí."

Bàbá Mọ́ṣúdù fi ọ̀pá rẹ̀ ta ilẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ kò mọ àrólé kankan fún Akínbíyìí lọ́jọ́ náà, kò sì ní mọ̀ títí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi lè jẹun nínú abọ́ kan. Ó ní ìbọn àwọn ọdẹ yòókù ni wọn yóò fi sin ín. Ní ti ìbọn olóògbé, èyí tí ó yadi kò lè bá irinṣẹ́ yòókù lọ.

"Àti ẹni tó sọ ọ́ di yadi ńkọ́?" ni Babájídé wí. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. "Àdéhùn wà nílé wa, Bàbá. Ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá fọhùn, kò gbọdọ̀ tẹ ibí mọ́."

Gbogbo wọn wo olórí ẹgbẹ́. Ó mọ ohun tí ó tọ́ kí ó sọ. Ó hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin ti rékọjá okùn ìṣípà lójú rẹ̀, fóònù àwọn ọmọdé sì ti ká a sílẹ̀, ìbínú náà kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn," ni ó wí, ó sì gbójú kúrò.

Àtọ́kẹ́ tẹ̀ síwájú, ó sì gbé ìbọn náà nílẹ̀.

"Mo gbà pé kò fọhùn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tútù ti wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lónìí, á jẹ irin náà tán kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ta ni nínú yín tí yóò fọ̀ ọ́?"

Ó dúró pẹ́ tó kí ojú lè ti wọn, ojú kò sì tì wọ́n. Ó gbé ìbọn sí apá, ó sì ń lọ.

Babájídé tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, bí ẹni tí ó fẹ́ rí i dájú pé ó lọ.

"O ti pa Bàbá lẹ́nu mọ́ níwájú gbogbo ayé," ni ó wí. "Kí gbogbo Agbowó mọ̀ pé o kì í ṣe ọmọ rẹ̀ mọ́. Ta ló ní kí o gbà mí?"

Àtọ́kẹ́ tẹ́ ìbọn sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì yíjú sí i.

"Ọwọ́ rẹ ṣì wà lápá rẹ," ni ó wí. "Fi ti géètì."

Babájídé wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ó fi ti géètì.

Àtọ́kẹ́ kò tíì jìnnà tí ìbọn àwọn ọdẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Gbogbo wọn fọhùn dáadáa, kò sì sí èyí tí ó jọ ti bàbá rẹ̀ nínú wọn. Ó ṣí fèrèsé nítorí òórùn ẹ̀tù tútù tí ó ti gba inú ọkọ̀, ó sì kọjú sí Bódìjà láti lọ gbé omi kaná.